Etí Tó Ń Dun Màmá

Sítókípà ni ọkùnrin yìí. Sítọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó àga àti tábìlì sí ló ń tọ́jú. Tí ọkọ̀ bá ti já ẹrù, òun ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà ló máa sọ pé ẹsẹ̀ àga yìí ti kán, ẹ gbé e padà. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ilé nìyẹn. Èyí tó wà lọ́kàn ẹ̀ gan-an wà nílé, nínú yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ kíṣìnì: ife, abọ́, jọ́ọ̀gì, amọ̀ ni gbogbo ẹ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ wò o. Ife téèyàn á bu tíì gbígbóná sí, tí ò ní jò, tí ẹnu ẹ̀ ò ní ha èèyàn létè, ìyẹn ni tiẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé amọ̀ kì í dúró de ẹni tó lọ síbi iṣẹ́. Tó o bá ti mọ ife tán, ó ní ìgbà tó o gbọ́dọ̀ lẹ etí mọ́ ọn, etí tí wọ́n máa fọwọ́ dì mú yẹn. Kò gbọ́dọ̀ rọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ le, kó kàn dà bí ọṣẹ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lára ẹ̀. Tó o bá yára jù, ife á wó. Tó o bá pẹ́, etí á ṣe bí ẹni pé ó lẹ̀, tó bá wọ iná tán, á já bọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan báyìí, ó ṣí ọ̀rá tó fi bo àwọn ife tó mọ lálẹ́ àná, ó tẹ̀ ẹ́ wò. Àkókò ti tó. Tó bá fi lè lọ síbi iṣẹ́, tó fi máa dé nírọ̀lẹ́, ó ti parí nìyẹn. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó pe ọ̀gá ẹ̀, ó ń yí amọ̀ lọ́wọ́. Àmọ́ irọ́ ti fẹ́ẹ̀ tán nílẹ̀. Ó ti lo orí fífọ́, ó ti lo inú rírun, ìyàwó ẹ̀ ti ṣe ibà títí láìmọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò ní lè wá lónìí. Ìyá ìyàwó mi ni ò yá."

"Ah. Kí ló ń ṣe wọ́n?"

Kò tíì ro ìyẹn. Ó wo ọwọ́ ẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ náà ló já bọ́ lẹ́nu ẹ̀.

"Etí ni, mà."

Màmá tí etí ń dùn ọ̀hún wà ní pálọ̀ nígbà yẹn, lórí àga, ó ń so kọ́tìnnì kọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ ló ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Tí ṣíbí bá já bọ́ ní kíṣìnì, màmá á béèrè láti bálùwẹ̀ pé kí ló bọ́ yẹn.

Nígbà tí àwọn ará ibi iṣẹ́ ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Màmá ló lọ ṣí i. Ọ̀gá ni, òun àti ọ̀rá ọsàn lọ́wọ́. Ó wo àgbàlagbà tó dúró níwájú ẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó gbé ẹnu sí i létí, ó ń pe ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka nọ́ńbà fóònù féèyàn.

"Ẹ. Pẹ̀lẹ́. Mà. Etí. Yín. Ńkọ́?"

Màmá fà sẹ́yìn. "Etí ta ni?"

Ìgbà yẹn ni sítókípà yọ láti yàrá kékeré, amọ̀ dé ìgúnpá. Ojú ló fi ń bẹ màmá. Màmá wo amọ̀, ó wo ọsàn, ó wo obìnrin àlejò. Ó wá rọra gbé ọwọ́ lé etí ọ̀tún.

"Hẹn? Ẹ sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀."

Bí wọ́n ṣe jókòó nìyẹn, tí ọ̀gá ń pariwo, tí màmá ń dá a lóhùn bó ṣe wù ú.

"Ṣé ẹ ti lo oògùn?"

"Òógùn kẹ̀? Rárá o, ilé yìí ò móoru."

Ọkọ ọmọ ẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ká ní ilẹ̀ lanu nígbà yẹn, ì bá ti wọlé láìbọ́ bàtà.

Ọ̀gá ní kí wọ́n fi ibi tóun ti máa fọwọ́ han òun. Ó gba iwájú yàrá kékeré kọjá, ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó. Nígbà tó padà dé, ohùn ẹ̀ ti rọlẹ̀ wọ́ọ́wọ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ n máa lọ."

"Ó dàbọ̀ o, a dúpẹ́ ọsàn," ni màmá dáhùn kíákíá.

Kò sẹ́ni tó pariwo nínú méjèèjì. Sítókípà gbọ́ ọ, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ òun nìkan ló gbọ́ ọ.

Bí ilẹ̀kùn ṣe padé, màmá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kò bínú, kò bú u. "Ẹ kú iṣẹ́ o" ló sọ, ó lọ parí kọ́tìnnì ẹ̀.

"Ẹ" yẹn ló pa á. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọmọ wọn, "ìwọ ọmọ mi" ni màmá ń pè é. Ó máa ń sọ fún un pé "gbé abọ́ yìí," "ṣé o ti jẹun?" Ní báyìí, "Ẹ káàbọ̀." "Ṣé ẹ máa jẹun?" Ọ̀wọ̀ tó le tó báyìí, ẹni tí wọ́n bá ń fún ló mọ bó ṣe ń ta èèyàn lára.

Ibi iṣẹ́ tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sikiọ́ríìtì ò tíì ní kó wọlé kó tó ní, "Etí ìyá ńkọ́?" Dírẹ́bà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Òwú ni kẹ́ ẹ fi dí i, bọ̀dá mi, kí atẹ́gùn má wọ̀ ọ́. Ó ṣe ìyá tèmi náà rí, a fẹ́ẹ̀ sunkún." Sítókípà ní ó ṣeun, ó ní ó ti ń rọlẹ̀. Irọ́ kan ń bímọ lé èkejì. Èyí tó tún wá dùn ún jù ni pé àwọn ife yẹn jáde nínú iná láìsí ìkankan tó sán. Kò tíì mọ irú ẹ̀ rí. Kò lè fi wọ́n mu tíì. Tó bá ti di etí ife mú báyìí, ojú á tì í, á gbé e sílẹ̀.

Nígbà tó yá, ó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

"Mà, nǹkan kan ò ṣe etí màmá."

"Mo mọ̀," ni ọ̀gá wí. Kò gbójú sókè. "Mo rí àwọn etí ọ̀hún. O tò wọ́n sórí táwẹ́ẹ̀lì tútù. Mo ń wò ó pé ìgbà wo ló máa sú ẹ."

Ọ̀gá pa ìwé iwájú ẹ̀ dé.

"Ti iṣẹ́ tó o sá, wàá wá lọ́jọ́ Sátidé, ìyẹn ti tán. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí n máa pariwo lé àgbàlagbà lórí nínú ilé ọmọ ẹ̀. Ojú ṣì ń tì mí. Máa lọ, èmi kọ́ lo sọ di aláìsàn."

Nígbà tó délé, màmá àti ìyàwó ẹ̀ ń ká aṣọ ní pálọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ò mọ nǹkan kan, màmá ò sọ fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn, ó ń bá àyà ara ẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo parọ́ mọ́ yín níbi iṣẹ́. Mo ní etí ń dùn yín."

Màmá gbé aṣọ sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé etí ọ̀tún.

"Mi ò gbọ́. Sọ ọ́ sókè."

"Sọ" ni màmá wí. Kò ní "ẹ sọ". Ọkọ ọmọ ẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Ó wo ìyàwó ẹ̀ tó dá ọwọ́ dúró, tó tẹjú mọ́ ọn, ó sì tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ sókè débi pé ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ilé kejì dúró.