Ẹni Tó Kọ́ Módẹ́ẹ̀mù Láti Sọ̀rọ̀ Nínú Òjò

Àkàbà onírin tó ti dípẹtà ló pa Ìyá Òjò. Kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run, bí ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ wọn ṣe ń wí kiri. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òrùlé tí àwo sátẹ́láìtì wà, àkàbà kán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kò dé ilé ìwòsàn kó tó kú.

A jọ ń gbé ilé kan náà ni, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ìyá Òjò, torí bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, tí gbogbo wa ń sáré kó aṣọ, ẹ̀rín ni tiẹ̀. Módẹ́ẹ̀mù ló ń ṣe, ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, ohùn á gé. Mo bi í nígbà kan pé kí ló ń wá gan-an.

Ó ní, "Bọ̀dá mi, bí ariwo bá pọ̀ lóde, ṣé ẹ kì í rọra fa ọ̀rọ̀ yín kí wọ́n lè gbọ́? Ohun tí mo ń kọ́ ọ nìyẹn. Kó má sáré. Kó má ṣáà ti dákẹ́."

Ó kọ́ ọ títí ó fi gbọ́. Lónìí, nọ́ọ̀sì tó wà lábúlé lè bá dókítà ìlú ńlá sọ̀rọ̀ nínú òjò.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó wà lára àwọn tó gbé e dìde nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, sọ fún mi pé, "Gbogbo ìgbà ló ń sọ ọ̀rọ̀ àkàbà yẹn. Ọ̀gá á ní, 'Ẹ ṣì máa lò ó bẹ́ẹ̀ ná, a ti gbọ́.'"

Wọ́n ti gbọ́ kẹ̀! Ẹ̀rọ ń gbọ́rọ̀ láti ojú sánmà, ọ̀gá tó wà ní yàrá kejì kò gbọ́?

Ilẹ̀ sàréè rẹ̀ kò tíì gbẹ tí wọ́n fi ṣí módẹ́ẹ̀mù náà fáráyé. Èmi àti màmá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn. Wọ́n yin mínísítà, wọ́n yin ọ̀gá, wọ́n yin ẹni tó fi ọ̀dà kun ilé tí a jókòó sí. Màmá ń fọwọ́ kàn mí ṣáá.

"Ṣé ó kù díẹ̀ kí wọ́n kan ọmọ mi?"

"Ó kù díẹ̀, Mà."

Wọ́n gbàdúrà ìparí. Wọ́n pín ohun mímu. A dìde.

Màmá ní, "Bóyá ìgbà tí mò ń wúkọ́ ni wọ́n dárúkọ ẹ̀."

Mo ní bóyá ni.

Ọ̀gá àgbà, mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ò tó yín. Mo wá sí ọ́fíìsì yín, ẹ ní kí wọ́n sọ pé ẹ ò sí. Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní jàǹbá lásán ni. Gègé nìkan ló kù lọ́wọ́ mi, ẹ sì lè má ka ohun tí mo fi kọ. Síbẹ̀, mo ń bèèrè ní gbangba: ta ló ní kó máa lò ó bẹ́ẹ̀? Adájọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Àmọ́ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́, ẹ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ màmá rẹ̀, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì sọ ohun tó pa ọmọ rẹ̀ fún un.