Apá Ìyá Nọ́ọ̀sì

Nígbà tí Ìwó ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, apá òsì ni ìyá nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ wa níṣẹ́ ìlera máa ń nà sí wa, ká fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Wọn á ní, "Àìsàn tí kì í dunni ni kí ẹ bẹ̀rù."

Nọ́ńbà gíga ni gbogbo wa ń pè lára ẹ̀rọ tí a so mọ́ apá wọn. Wọn á rẹ́rìn-ín músẹ́: "O gbà á." Ìdùnnú yẹn kò jẹ́ ká rò ó pé ẹ̀jẹ̀ tiwọn gan-an ló ń ru.

Ọ̀nà Kuta ni wọ́n ṣubú sí, níbi tí wọ́n ti ń wá aláìsàn tí kò wá gba oògùn. Wọn ò dìde mọ́.

Títí dòní, bí nọ́ńbà ẹnì kan bá ga, mo máa ń gbọ́ wọn lẹ́yìn mi: "O gbà á."