Bí Ojú-Ìwọ̀n Ṣe Ra Awò Ọdẹ

Bíríkìlà ni ọ̀rẹ́ mi, káfíńtà ni èmi. Òun á mọ ògiri, èmi á kan òrùlé lé e lórí. Ẹgbẹ́ ni wá, ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, a ò sì tíì jà dé ibi tí wọ́n á ti pe àgbà sí i. Ojú-Ìwọ̀n ni gbogbo àwọn tó ń kọ́lé mọ̀ ọ́n sí. Ìdí ni pé kì í tètè nawọ́ sí okùn tí bíríkìlà fi ń wò bóyá ògiri gún. Á dúró sí igun ilé, á di ojú kan, á ní, "Búlọ́ọ̀kù kẹta láti òkè yẹn ti yọ imú síta." Bí a bá ta okùn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ó ṣe bá a. Mo rí onílé kan tó bá a jiyàn títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀ pé ògiri òun gún régé. Nígbà tó yá, ẹnu yẹn náà ló fi ní ká wó o.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, sìmẹ́ńtì. Lọ́jọ́ Sátidé, ọdẹ. Àwa méjèèjì ní ìwé àṣẹ ìbọn, a sì mọ igbó tí wọ́n ti gbà wá láyè. Kì í ṣe ebi ló ń lé wa wọ igbó. Ẹni tó bá fi odindi ọ̀sẹ̀ gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, á mọ iyì tó wà nínú ìdákẹ́rọ́rọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, kùrukùru bo etí odò, ìrì ṣì wà lórí koríko. Ojú-Ìwọ̀n fọwọ́ kàn mí léjìká, ó fi àgbọ̀n júwe igi kan tó ti wó.

"Àgbọ̀nrín," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ń jẹ̀."

Mo wò ó. Ohun kan tó pupa rúsúrúsú ń tẹ̀, ó ń nàró, ó tún ń tẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti gbé ìbọn lé èjìká. N ò mọ ohun tó mú mi wo ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí i, ni mo bá rí apẹ̀rẹ̀. Àgbọ̀nrín kì í gbé apẹ̀rẹ̀ lọ jẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ti ẹnu ìbọn sókè kí ìka rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́.

Ìyá àgbà kan ni, wọ́n da ìborùn pupa bo èjìká, wọ́n ń ṣa olú lára igi. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí wa, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹ ti rí nǹkan pa?"

"A ò tíì rí, Màmá," mo dá wọn lóhùn. Ojú-Ìwọ̀n ti jókòó sínú koríko tútù, ó gbé ìbọn sílẹ̀ bí ẹni gbé iná. Wọ́n kó olú wọn, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọn ò mọ̀ títí di òní.

Nígbà tó délé, ó nu ìbọn, ó tì í mọ́ inú àpótí, ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ó lé lóṣù méje tí kò bi í léèrè ibi tó fi í sí. Ìyẹn ì bá ṣeé fara mọ́. Ohun tó dùn mí jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i níbi iṣẹ́. Ọkùnrin tó ń fi ojú lásán wo ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ta okùn sí ìlà búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí ẹnì kan bá ní, "Ọ̀gá, ẹ bá wa wo igun yìí," á ní, "Ẹ fi okùn wò ó." Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ń di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán kan, téèpù ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Káfíńtà, ọkọ mi ò jẹun dáadáa mọ́, kò sì fẹ́ sọ ìdí. Kí lẹ fi í ṣe nínú igbó?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé á figbe ta. Kò figbe ta. Ó jókòó sórí pákó tí mo ń rẹ́ lọ́wọ́, ó wá ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i tó ń na ìwé jìnnà kó tó kà á. Mo ń pa á mọ́ra nítorí orúkọ tí wọ́n ń pè é."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ló mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ojú rẹ̀ ti ń rẹ̀wẹ̀sì ní tòótọ́, wọ́n sì fún un ní awò ojú. Ó lò ó, ó ríran, ó tún ń kàwé. Síbẹ̀ kò béèrè kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí mo lọ rọ̀ ọ́ pé kó jẹ́ ká padà sígbó, ó yọ awò náà, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún.

"Èyí á jẹ́ kí n rí ohun tí ìwọ ń rí ni," ó ní. "Ìwọ tí ojú rẹ dá ṣáṣá, kí lo rí lọ́jọ́ yẹn? Apẹ̀rẹ̀ lo rí. O ò rí èèyàn."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ dà bí ẹja tútù, ó máa ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi pá mú un.

Ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣẹ́ etí aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló dáhùn. "Bàbá wọn, ẹ ò ṣe ra awò olójú méjì yẹn, tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn? Tí mo bá fẹ́ gé aṣọ olówó ńlá, mo máa ń wò ó, mo tún máa ń wò ó. Sísọ́ọ̀sì kì í tọrọ àforíjì tó bá ti gé e tán."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ọdẹ onídígí! Àwọn ẹran á fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀."

"Kí ẹran fi mí ṣẹ̀fẹ̀," Ojú-Ìwọ̀n dáhùn, "ó sàn ju kí ọmọ ẹnì kan torí mi ṣọ̀fọ̀."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, a wọ àárín ìlú lọ, sí òpópónà tí àwọn tó ń tún aago ṣe wà. Obìnrin kan ló ni ṣọ́ọ̀bù awò tí a yà sí, ẹni bí ogójì ọdún, tó ki pẹ́ńsùlù bọ irun. Awò olówó pọ́ọ́kú kún orí tábìlì rẹ̀. Àwọn olówó gọbọi wà nínú àpótí onígíláàsì tó tì pa. Àwọn ti àárín tò sórí pẹpẹ ẹ̀yìn rẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fò mọ́ èyí tó tóbi jù. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po méjìlá.

"Èyí lọkùnrin," mo ní.

Obìnrin náà ò jiyàn. "Ẹ gbé e síta, bàbá, kẹ́ ẹ bá mi ka nọ́ńbà tó wà lára ilé tó kẹ́yìn òpópónà yẹn."

Mo gbé e sójú. Nọ́ńbà ń jó bí ẹni tó ti mu yó. Mo di èémí mú, ó ṣì ń jó.

"Bó ṣe ń fa nọ́ńbà súnmọ́ yín, bẹ́ẹ̀ náà ló ń fa gbígbọ̀n ọwọ́ yín súnmọ́," obìnrin náà ṣàlàyé. "Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú igbó, ìlọ́po mẹ́jọ tó o. Ẹ wá wo dígí iwájú yìí. Fèrèsé rẹ̀ nìyẹn. Tí fèrèsé bá kéré, iyàrá á ṣókùnkùn. Tó bá sì tóbi jù, ọrùn yín ló máa gbé e."

Ojú-Ìwọ̀n mi orí. Ẹni tó bá fi fèrèsé bá bíríkìlà sọ̀rọ̀ ti sọ èdè rẹ̀.

Ó mú ọ̀kan nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, ó dojú rẹ̀ kọ igun ilé alájà mẹ́ta tó wà ní òdìkejì. Ó wò ó pẹ́. Ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e sójú.

"Igun ilé yẹn ń ṣe méjì," ó ní.

"Ṣé kì í ṣe ojú yín ni, bàbá?"

"Ojú mi ń ṣàìsàn, àmọ́ kì í mutí. Ojú ọ̀tún awò yìí ń wo ibì kan, tòsì ń wo ibòmíì. Ẹ wò ó fúnra yín."

Obìnrin náà gbà á, ó wò ó, ó di ojú kan, ó di èkejì. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó kó gbogbo irú awò yẹn kúrò lórí tábìlì, ó kó wọn sínú páálí, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ àga. "Ẹ ṣeun, bàbá," ó ní. Láti ìgbà yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ bí oníṣẹ́ ṣe ń bá oníṣẹ́ sọ̀rọ̀.

Ó kọ́ ọ pé kó má yọ awò ojú rẹ̀, kó kàn yí rọ́bà tó yí ibi ìwòran ká wọlé. Nínú ọ̀kan lára àwọn ti àárín, Ojú-Ìwọ̀n ní bí ẹni tó ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́ ló rí. Nínú èkejì, gbogbo rẹ̀ ṣí gbàǹgbà. Obìnrin náà tún bu omi sínú abọ́ ike, ó rì í bọ inú rẹ̀, ó yọ ọ́, ó nù ún. Omi ò wọlé.

Lẹ́yìn èyí, ó ṣí àpótí onígíláàsì, ó gbé ọ̀kan nínú àwọn olówó gọbọi lé e lọ́wọ́. Áà! Mo wò ó tẹ̀ lé e. Ó mọ́ bí omi òkè. Owó rẹ̀ á sì kan òrùlé ilé oníyàrá méjì. Ojú-Ìwọ̀n dì í mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ẹ má tàn mí o," ó ní. "Kí lèyí rí tí ti àárín yẹn ò rí?"

Obìnrin náà rò ó. "Lọ́sàn-án, ẹ lè má mọ̀ ọ́n. Tí oòrùn bá ti wọ̀, ó máa fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ríran lẹ́yìn ti àárín."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, ó yẹ kí n ti wà nílé," ọ̀rẹ́ mi dáhùn, ó sì dá a padà fún un.

Obìnrin náà kò jẹ́ kó sanwó lójú ẹsẹ̀. Ó ní kò sí awò tí kì í dára lọ́sàn-án, ká dúró kí oòrùn rẹ̀lẹ̀. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, à ń wo èrò tó ń darí bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Nígbà tí òjìji bo òpópónà, Ojú-Ìwọ̀n gbé awò àárín náà sójú, ó ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ àtẹ̀gùn ilé òdìkejì, lẹ́tà kékeré, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá gbé ojú awò náà sókè díẹ̀díẹ̀. Ó fi í tẹ̀ lé igun ilé náà dé òrùlé.

"Ògiri ilé yìí," ó ní, "láti àjà kejì ló ti ń tẹ̀ sápá òsì. Bí ìbú ìka méjì."

Oṣù méje rèé tí n ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn.

Obìnrin náà kígbe láti inú ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ rọra o, bàbá mi ló kọ́ ọ!"

A rẹ́rìn-ín títí tí ẹni tó ń tún aago ṣe nítòsí fi yọjú. Ojú-Ìwọ̀n ra ti àárín.

Sátidé àkọ́kọ́ tí a padà sígbó, kò gbé ìbọn. Ó kàn gbé awò kọ́rùn. Bí mo bá ní, "Ẹran rèé," á wò ó, á ní, "Kùkùté ni," tàbí, "Ewúrẹ́ ni, okùn wà lọ́rùn rẹ̀." Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí. Sátidé kẹta ló béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, akọ àgbọ̀nrín kan jáde sí etí pápá. Ó wò ó nínú awò, ó sọ bí ìwo rẹ̀ ṣe gùn tó fún mi, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá gbé awò sílẹ̀, ó gbé ìbọn. Ìbọn kan ṣoṣo ni. Nígbà tí a dé ìdí ẹran náà, ó jókòó tì í. Mo dúró dè é títí ó fi dìde.

Mo rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Àṣé a ò tíì ka ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú kan, mo yà sílé wọn. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi jókòó sẹ́yìnkùlé, aṣọ oníbàárà wà lórí itan rẹ̀, awò olójú méjì náà wà lójú rẹ̀, ó kọjú sí òkè àpáta tó wà lẹ́yìn ilé. Mo kí i, kò gbọ́. Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹyẹ ńlá méjì kan ń gbé oúnjẹ fún ọmọ wọn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àpáta. Tí èèyàn bá fi ojú lásán wò ó, kò ní í rí ju àpáta lọ.

Ó pẹ́ kó tó gbé e sílẹ̀. Omi lé téńté sí ojú rẹ̀.

"Bàbá wọn," ó ní, "ṣé ohun tẹ́ ẹ máa ń rí ní gbogbo Sátidé rèé, láti ọjọ́ yìí wá, tí mo ń bá ẹ̀rọ ìránṣọ jókòó sílé?"

Ojú-Ìwọ̀n wo ilẹ̀. "Mo rò pé o ò ní fẹ́ràn rẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ bi mí?"

Kò bi í rí. Ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́.

Ní báyìí, ìyàwó wa ń bá wa lọ ní Sátidé kan, ó ń sinmi ní Sátidé kejì. Lọ́jọ́ tó bá ń bọ̀, ìbọn kì í jáde nílé. Ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́, ẹran ń gbọ́ wa láti ìbùsọ̀ kan, síbẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ rí wọn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, kí ni ó fẹ́ sá pa mọ́ fún un?

Èmi tí mo ń pe ọ̀rẹ́ mi ní ọdẹ onídígí, mo ti sọ fún obìnrin olóṣọ́ọ̀bù yẹn pé kó fi ọ̀kan pa mọ́ fún mi. Kò sí ọgbọ́n míì tí mo lè dá sí i. Bí mo bá ní kí Ojú-Ìwọ̀n yá mi ní tirẹ̀, á ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó òun. Bí mo bá sì béèrè lọ́wọ́ ìyẹn, á kàn fi ọwọ́ òsì dá mi dúró láìgbé awò kúrò lójú.

"Káfíńtà, ẹ ní sùúrù ná," á ní. "Àgbọ̀nrín yìí ń mi etí."