Ẹ̀yìn Ẹyinjú Mi

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé gíláàsì ojú mi ló bà jẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo ti padà sí Òkè-Ìmẹ̀sí, èmi ni mo sì máa ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà tí ìlà ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójú mi, mo ra gíláàsì lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, mo tún ra òmíràn tó lágbára jù ú lọ. Èmi tí mo máa ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó béèrè ohun tí kò bá yé e, mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó mi ló fi dandan lé e kí n lọ rí dókítà ojú ní Adó. Ọ̀dọ́bìnrin ni. Ó kán oògùn sí mi lójú, ó ya àwòrán ẹ̀yìn ẹyinjú mi, ó sì fi àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín bí òwú hàn mí. Àwọn kan ti fún, àwọn kan ti ń jò. Ó ní kí n lọ yẹ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi wò, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Mo bi í bóyá mo fẹ́ fọ́jú ni.

"Bàbá, ojú nìkan kọ́. Irú iṣan yìí wà nínú ọpọlọ yín, a ò kàn lè rí ìyẹn báyìí ni. Ohun tó ń ba ti ojú jẹ́ lè máa ba ti ọpọlọ náà jẹ́."

Ẹ̀rù bà mí. Bàbá mi ni mo rántí. Nílé wa, olórí ilé kì í wo ìwé pe orúkọ àwọn ọmọ nígbà àdúrà òwúrọ̀. Orí ló fi ń pè wọ́n, láti orí àkọ́bí dé orí ọmọ-ọmọ tó kéré jù. Nígbà tí bàbá mi dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fo àwọn kan. Nígbà tó yá, ó fo èmi náà, bẹ́ẹ̀ mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn èèyàn ní iṣẹ́ ọ̀tá ni.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí ní gáréèjì wa, ìmọ́lẹ̀ oòrùn bò mí lójú. Obìnrin kan dúró níwájú mi, mi ò mọ ẹni tó jẹ́. Mo ní ohun tó ṣe bàbá mi ti dé nìyẹn, mo sì bú sẹ́kún láàárín àwọn ọlọ́kadà. Àṣé ìyàwó mi ni.

"Oògùn ojú ni kò tíì lọ," ló wí. "Ẹ jẹ́ á lọ sí ulé."

Nígbà tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n rí i pé ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ìfúnpá mi sì ga. Kékeré là á ti í pẹ̀ka ìrókò, mi ò sì mọ bí tèmi ti ga tó kí wọ́n tó rí i. Mò ń lo oògùn, mo ti dín iyán kù, ìyẹn sì dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ. Dókítà ò ṣèlérí kankan.

Láàárọ̀ àná, mo pe orúkọ àwọn ọmọ tán, mo dákẹ́ kí ìyàwó mi lè ṣe àmín. Kò ṣe é. Ó rọra pe orúkọ àbíkẹ́yìn wa, kò wo ojú mi. Èmi ni mo ṣe àmín.