Lùkúmàn Ń Wá Sàréè Ìyá Rẹ̀

Iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ló gbé Lùkúmàn kúrò ní Ẹ̀pẹ́. Àìsàn ló mú kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní èbúté Ábádánì, ní ilẹ̀ Páṣíà. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, awakọ̀ lọ́rì kan gbé e gba àárín òkè àti aṣálẹ̀ dé Ṣírásì, tí í ṣe ìlú awakọ̀ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ Alàmísì, wọ́n jọ lọ sí sàréè ìyá awakọ̀. Orúkọ ìyá náà wà lára òkúta. Wọ́n fi omi òdòdó fọ òkúta náà, ọkùnrin náà sì jókòó tì í, ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Lùkúmàn fi máa padà délé ní 1954, ìyá tirẹ̀ náà ti kú. Kúbúrátù àbúrò rẹ̀ mú un dé itẹ́ òkú. Òkìtì ló kún ibẹ̀, kò sí àmì lára ìkankan.

"Èwo ni ti màámi?"

"Obìnrin kì í bá wọn dé ibi sàréè lọ́jọ́ ìsìnkú, bọ̀dá mi. Bàbá Yísà tó gbẹ́ ẹ ló mọ̀ ọ́n, àwọn náà sì ti kú."

"Èmi tí mo fọ sàréè ìyá ẹlòmíràn!"

Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú òkìtì àkọ́kọ́. "Màámi, mo ti dé." Ó dìde, ó lọ síwájú èkejì.

"Ìyá tó bá màámi jà l'Ọ́jà Olúwo nítorí ẹja wà níbí o," ni Kúbúrátù wí. "Ṣé ẹ máa kí òun náà ni?"

"Màá kí i."

Kúbúrátù rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Lùkúmàn fi dé òkìtì kẹsàn-án, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu àbúrò rẹ̀. Òun náà gba apá kejì lọ, ó ń kúnlẹ̀ níwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan.