Fìlà Jámánì Tí Àkànní Kò Sọ Nù

Jeremáyà Àkànní Ọládòkun, ọmọ Ọlọ́fà, ọmọ ìjàkadì lorò. Àkànní baba Fọlákẹ́, ọkọ Morádéùn. Agbẹ́rù-má-ráhùn ọmọ Àjàyí Sójà. Afínjú tí í tilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó sùn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sùn un re.

Ẹ̀yin ọmọ wa, èmi Àlàó, àbúrò rẹ̀, ni mo ń kọ èyí. Sítáńdádì Fóò ni mo ti dúró ní sùkúù, ẹ má wo àṣìṣe ọwọ́ mi.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀fà, ohun kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá wa tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Fìlà sójà Jámánì ni. Awọ dúdú tó le bí igi ni wọ́n fi ṣe é, ẹyẹ idẹ kan na ìyẹ́ níwájú rẹ̀, idẹ ṣóńṣó kan sì yọ ní àtàrí rẹ̀ bí ìwo. Bàbá wa bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ jagun Jámánì ní Kamẹrúùnù, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un bọ̀. Bí àlejò bá dé, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á fi aṣọ nù ún, wọ́n á sọ ìtàn rẹ̀ títí ọbẹ̀ á fi tutù. Nítorí fìlà yẹn ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè wọ́n ní Àjàyí Sójà.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, Tísà Dáníẹ́lì, tó ń kọ́ àwa ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ń sọ̀rọ̀ ihámọ́ra Ọlọ́run. Ó ní, "Ta ló ti rí àṣíborí rí?" Mo nawọ́ sókè fìrì. Mo ní àṣíborí ìgbàlà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Sámúẹ́lì ọmọ Ìyá Elépo ni ẹnu rẹ̀ mú jù: "Àṣíborí wo? Ẹrù ni bàbá ẹ rù fún àwọn sójà, wọn ò gbébọn rí!" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo ní kó dè mí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ pé. Bàbá wa ti lọ sí Ìlọrin, Àkànní ni wọ́n ní kó ṣọ́ ilé. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ pé wọ́n ń jìjàkadì ní àdúgbò kejì, ó sáré lọ wò ó, kò tilẹ̀kùn. Mo wọlé, mo mú fìlà náà, mo gba ọ̀nà odò kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. Ká ní mo lọ tààrà ni! Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ bí ó ṣe yẹ mí sí. Kò sí dígí nílé wa, omi ni dígí wa. Mo dé e, mo dúró lórí àpáta, mo bẹ̀rẹ̀ wo ojú mi nínú omi. Fìlà tó tóbi ju orí mi lọ yọ̀ bọ́ sódò. Àsìkò òjò ni. Ó léfòó bí igbá, ẹyẹ idẹ yẹn ń kọ mànà, ó sì bá omi lọ. Mo sunkún, mo nujú, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Sámúẹ́lì ní, "Àṣíborí dà, ọmọ aláàárù?"

Nígbà tí bàbá wa dé, wọ́n ní olè ló wọlé, torí Àkànní kò tilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi bẹ́ fún pàṣán lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo sì fi omi gbígbóná jó o fún un. Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Bàbá wa ní, "Ẹni tí kò lè ṣọ́ ilé kò lè ṣọ́ ìwé." Wọ́n mú un kúrò ní sùkúù lọ sí oko, wọ́n fi èmi sí àyè rẹ̀. Ìwé tí mo kà, tí mo fi ń kọ èyí, tirẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi dàgbà, ó dé Èkó, ó dé Amẹ́ríkà. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Beltsville títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó ń gbé ní Hillcrest Heights. Nígbà tí Abígẹ́lì ìyàwó mi kú, Dúpẹ́ ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì mú mi wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Adelphi, ní Amẹ́ríkà kan náà. Gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ ọdún 2000 tó ń bọ̀ nígbà náà. Ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi á wakọ̀ wá mú mi. Mo máa ń dọ̀bálẹ̀ fún un níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Á ní, "Dìde jàre, kí wọ́n má baà pe ọlọ́pàá pé mo lù ọ́!" Ìgbín yá jù ú lọ lójú títì. Bí wọ́n bá fọn fèrè sí i lẹ́yìn, á ní, "Ẹ máa fọn ọ́n! Mo ti ń wakọ̀ níbí kí wọ́n tó bí yín!"

Ibo là ń lọ? "Àlàó, ká lọ wá fìlà Bàbá." Musíọ́mù àwọn sójà là ń wọ̀ kiri. A rí aṣọ ogun Jámánì tó rí bí eérú, tí wọ́n wọ̀ fún ọmọláńgidi tí kò lórí. A rí àṣíborí irin tó bo etí. Ẹ̀gbọ́n mi á mirí: "Ti ogun Hítílà nìyí. Ti Bàbá ṣáájú." Ní gbogbo ìgbà tó bá mirí, ọkàn mi á balẹ̀.

Ní musíọ́mù kẹta, a bá a. Ó wà nínú dígí: awọ dúdú, ẹyẹ idẹ, ṣóńṣó lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà tirẹ̀ bí ẹni wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀, Wọ́tà lorúkọ tó wà láyà rẹ̀, sún mọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé bàbá wa ní irú rẹ̀. Inú Wọ́tà dùn, ó ní níbo ló wà báyìí? Ẹ̀gbọ́n mi dúró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ó ní, "Èmi ni mo sọ ọ́ nù, sà."

Mo tẹjú mọ́ ẹyẹ idẹ náà nínú dígí.

Nínú mọ́tò, ó ní, "Àlàó, ìjàkadì ni mo lọ wò lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tilẹ̀kùn. Bàbá kú, mi ò rí ohun tí mo lè fi dípò fìlà náà fún wọn." Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń fi bàbá yín rẹ́rìn-ín pé ó ń padà lọ ti ilẹ̀kùn tó ti tì, ohun tó fà á nìyẹn. Kí ni mo sọ fún un? Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni." Ó gbá mi lórúnkún pẹ́pẹ́, ó ní, "O ṣeun, àbúrò mi. Nínú ilé wa, ìwọ nìkan ni o kò bú mi rí."

Mo ní màá sọ fún un nígbà Kérésìmesì. Kérésìmesì dé, ilé kún. Mo ní ó di Àjíǹde. Kó tó di Àjíǹde, ó ti wà ní ọsibítù. Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kìíní, Fọlákẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìkejì, àwa méjì péré ni, ojú rẹ̀ sì là kedere. Mo bá a sọ̀rọ̀ òjò.

Ayé ti yí. Ohun ogun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, ẹ̀yìn dígí la ti ń wò ó báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tóbi ọmọ Dúpẹ́ fọ́ abọ́ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn jù. Kí a tó béèrè, ó ti ní, "Mummy, èmi ni, sọ́rì." Dúpẹ́ pariwo, ó sì tán. Nígbà tiwa, ẹni tó bá jẹ́wọ́ ló ń jẹ pàṣán. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi ń tu ara mi nínú láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló di pàṣán mú nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn? Ojú ń tì mí. Àgbà ni mí, ojú ń tì mí.

Ọjọ́ Sátidé la sin ín. Pásítọ̀ ní kí àbúrò olóògbé wá sọ̀rọ̀. Mo dìde, mo di àga iwájú mú, mo ní ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ènìyàn rere. Mo jókòó. Wọ́n gbé e wọlẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí.