Sálámà Lẹ́yìn Àgádágodo

Mo rántí ìgbà tí ọlọ dákẹ́ lábẹ́ ọwọ́ mi. Bàtà tó ń gun àtẹ̀gùn ilé wa bọ̀ wúwo, ó sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. A ti gbọ́ láàárọ̀ pé àwọn jawásáàtì, àwọn tó ń yẹ ìwé ìgbélùú wò, ti wọ Bálàdì ní Jidá, ṣùgbọ́n mo ní wọn ò ní gun òkè kẹta nínú irú ooru yẹn. Èmi kò ní ìwé. Úmúrà ni mo bá dé, mo sì dúró sí Mẹ́kà láti máa fọṣọ fún àwọn èèyàn ní àdúgbò Hujúni, títí ọjọ́ inú ìwé mi fi kọjá, tí mo sì sá wá sí Jidá. Bí wọ́n bá mú mi, ẹ̀wọ̀n ni, wọ́n á sì mú ìyá ará Íńdíà tó fi mí pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀.

Ọgbọ́n ìyá náà ni pé kó máa fi àgádágodo ti yàrá mi láti ìta lọ́sàn-án, kí ẹni tó bá rí i rò pé kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Nínú yàrá yẹn ló ti kọ́ mi ní ṣátìnì, ọbẹ̀ tútù tí wọ́n ń jẹ nígbà ooru: máńgòrò tí kò tíì pọ́n, ata tútù, iyọ̀, ṣúgà díẹ̀ àti ewé náánà, ewé olóòórùn dídùn tí wọ́n ń fi sí tíì. Kò gba iná, ìyẹn ló dára fún ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. "Binti, ọmọbìnrin mi, má lọ̀ ọ́ kúnná bí ata yín," ló máa ń sọ, lédè Lárúbáwá tí àwa méjèèjì ń fọ́ lẹ́nu. "Kí ni Ọlọ́run wá dá eyín fún?"

Lọ́jọ́ náà, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ ra náánà. Bàtà dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ohùn ọkùnrin kan sọ wẹ́lẹ́ pé, "Àsàlámù àlékùmù."

Mo sì dáhùn! Pàṣán ni wọ́n fi kọ́ wa nílé kéwú pé a kì í gbọ́ sálámà ká dákẹ́. Ẹnu mi ti sọ "Wàálékùmù sàlámù" kí ọgbọ́n tó dé. Èmi tí mo máa ń ro ara mi sí ọlọ́gbọ́n! Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi àgádágodo. Oje máńgòrò ń ta mí lójú ọgbẹ́ ìka, mi ò lè nù ún.

"Ta ló wà nínú yàrá tí wọ́n tì?"

"Èmi ni mo dáhùn!" Ìyá ni, lórí àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Àbí kí n má dáhùn sálámà nínú ilé mi?"

"Inú níbí ni mo ti gbọ́ ọ, Màmá."

"Ọmọ mi, ilé tí ògiri rẹ̀ là tó báyìí, ó lè gbé ohùn mi dé Mẹ́kà. Gba náánà, fi po tíì rẹ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gba ewé náà. Ó ní òun á padà wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá fi gbààwẹ̀ nítorí irọ́ tó pa fún mi.

"Òun á padà wá" yẹn ni mo ń bá sùn, tí mo ń bá jí, fún oṣù méje. Mi ò dá sálámà ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́, títí kan ti ìyá fúnra rẹ̀. Ọbẹ ni mo fi ń gé máńgòrò wẹ́wẹ́, kí ọlọ má baà sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, ìjọba kéde pé kí ẹni tí kò níwèé máa lọ sílé láìsí ìyà. Ìyá ò jẹ́ kí n dá lọ. Ní ọ́fíìsì jawásáàtì, ẹni tó tẹ òǹtẹ̀ lu ìwé mi nà án sí mi, ó ní, "Àsàlámù àlékùmù, Àlàájà." Mo na ọwọ́ gba ìwé náà. Ìyá fi ìgúnpá tì mí: "Dáhùn, binti. Tòní, ìwọ ni wọ́n kí." Mo dáhùn.

Efinrin ni mo fi ń ṣe ṣátìnì nílé báyìí, nítorí náánà ṣọ̀wọ́n. Bí ẹnì kan bá ṣe sálámà lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ mi ṣì máa ń dúró lórí ọlọ. Mo máa ń tẹ́tí sí bàtà rẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, mo máa ń dáhùn lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan fún ẹni tó dúró síta, ọ̀kan fún ìyá tó sọ fún jawásáàtì pé òun ni òun dáhùn.